Bàbá Mo-Ti-Mọ̀ àti Rọ́bọ́ọ̀tì Tí Kò Kí Àgbà

Ìtàn tí gbogbo ará àdúgbò kọ́kọ́ máa ń sọ nípa Bàbá Mo-Ti-Mọ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ni ti ọjọ́ tí òun àti rọ́bọ́ọ̀tì kojú ara wọn láàárín tábìlì méjì. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà á máa búra pé òun wà níbẹ̀. Bí a bá ní ká kó gbogbo àwọn tó ní àwọn fojú ara àwọn rí i jọ, ilé oúnjẹ náà kò ní gbà wọ́n, àfi tí a bá tò wọ́n léra bí àwo.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé rọ́bọ́ọ̀tì náà dé ni. Ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ní pẹpẹ mẹ́ta níkùn tí wọ́n ń gbé oúnjẹ lé, ó sì ní ojú gíláàsì kan tó máa ń rẹ́rìn-ín ṣáá, kódà bí ọbẹ̀ bá ń dà sí i lára. Ó gbé oúnjẹ jáde láti ilé ìdáná, ó ń yí bọ̀ jẹ́jẹ́. Bàbá ń bọ̀ láti òdìkejì, tówẹ̀lì funfun wà léjìká rẹ̀, àwo òfìfo kún ọwọ́ rẹ̀. Ibi tó há jù ni wọ́n ti pàdé. Rọ́bọ́ọ̀tì dúró, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi."

Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀. "Kò sí ẹ kú iṣẹ́, kò sí ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ yà fún mi nìkan lo mọ̀. Ta ló kọ́ ọ nílé?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi."

"Mi ò yà."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dúró o. Bàbá kò yẹsẹ̀, ẹ̀rọ kò yẹsẹ̀. Ebi ń pa àwọn oníbàárà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tètè parí. Ọ̀kan nínú wọn bẹ Bàbá pé kó forí jì í, pé ọmọdé ni. Bàbá ní torí pé ọmọdé ni lòun ṣe ń kọ́ ọ. Ọbẹ̀ tutù, ọ̀rá dì lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, iná ojú rọ́bọ́ọ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, ohùn rẹ̀ ń fà, bátìrì tán nínú rẹ̀, orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó sì dákẹ́. Bàbá gbé àwo ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ kàn án lórí. "Ó ti tẹríba," ló wí. "Ẹ gbé e lọ, kó lọ sinmi."

Obìnrin tó ni ilé oúnjẹ náà sá lọ sí ilé ìdáná kó lè ráyè rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn káńtà, ó jókòó, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀, nítorí ó mọ ohun tí Bàbá kò mọ̀. Ipò Bàbá gan-an ni wọ́n ra rọ́bọ́ọ̀tì náà sí.

Bàbá tó bí obìnrin náà ló dá ilé oúnjẹ náà sílẹ̀, Bàbá Mo-Ti-Mọ̀ sì ni òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ tó gbà. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, ilé oúnjẹ di ti ọmọ rẹ̀ obìnrin yìí àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ilé oúnjẹ ńlá kan wá ṣí sí òdìkejì títì, tí kò sí èèyàn kankan tó ń gbé oúnjẹ níbẹ̀, ẹ̀rọ ni gbogbo wọn, oúnjẹ sì ń yára dé. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ síbẹ̀. Àbúrò náà, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan, ló lọ ra rọ́bọ́ọ̀tì wá. Ó ní tí oṣù bá parí, kí Bàbá lọ sinmi nílé. "Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Tiyín ló máa ń gbọ́." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà. Ó rò pé ọ̀rọ̀ tó rọrùn láti sọ ni.

Ó yẹ kí ẹni tí kò mọ Bàbá mọ bó ṣe gba orúkọ yẹn. Bàbá kì í jẹ́ kí oníbàárà sọ ohun tó fẹ́ jẹ. Bí èèyàn bá ti jókòó, tó la ẹnu báyìí, Bàbá á gbọ́wọ́ sókè, á ní, "Mo ti mọ̀." Á wo ojú onítọ̀hún, á wo bàtà rẹ̀, á wo bó ṣe fẹ̀yìn ti àga, á sì lọ gbé ohun tó gbà pé ikùn ẹni náà ń bẹ̀bẹ̀ fún wá. Nígbà mìíràn á bọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í bọ́ sí i rárá, ṣùgbọ́n ojú kì í tì í.

Aránṣọ kan wà tí kò sẹ́ni tó lè rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yí padà ní gbogbo àdúgbò. Ó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní ẹja díndín lòun fẹ́.

"Ẹja ò fẹ́ yín lónìí," ni Bàbá wí. "Ẹ̀wà ni."

"Bàbá, owó mi ni."

"Owó yín ni, ilé ìdáná wa ni."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ná an bí ẹni ń ná aṣọ. Aránṣọ ní odidi ẹja, Bàbá ní orí ẹja. Aránṣọ ní ìdajì, Bàbá ní ìrù, pẹ̀lú ẹ̀wà lábẹ́ rẹ̀. Níkẹyìn, aránṣọ náà jẹ ẹ̀wà àti ìrù ẹja, ó san owó odidi ẹja, ó sì ń fọ́nnu lọ sílé pé òun ló borí.

Èyí tó wá burú jù ni ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá láti béèrè bóyá ó máa fẹ́ òun. Àyà rẹ̀ ń já, ó ń làágùn, kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Bàbá wò ó, ó ní òun ti mọ̀, ó sì gbé ìrẹsì rírọ̀ tí kò láta jáde, irú èyí tí wọ́n ń fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín. Ó sọ ọ́ sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́ pé kó má tijú, inú rírun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò lè jà, ó jẹ ẹ́ tán. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbórí lé tábìlì, ó sì gbà láti fẹ́ ẹ kí ó tó béèrè. Ó ní ọkùnrin tó lè jẹ ohun tí kò béèrè láìbínú, ó ṣeé gbé pẹ̀lú. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti ń pe ara rẹ̀ ní alárinà.

Lẹ́yìn ìjà àárín tábìlì, ẹnjiníà tó ń tún rọ́bọ́ọ̀tì ṣe wá. Obìnrin tó ni ilé oúnjẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ìkíni sẹ́nu ẹ̀rọ náà kí ilé lè tòrò. Láti ìgbà náà, bí rọ́bọ́ọ̀tì bá ti pàdé Bàbá, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá." Inú Bàbá dùn dé ọrùn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá kí àgbà, àgbà gbọ́dọ̀ súre fún un. Bàbá á dúró, á ní kó dàgbà, kó gbó, kó rí aya rere fẹ́, kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ má bàjẹ́. Rọ́bọ́ọ̀tì náà á dúró títí àdúrà á fi parí, nítorí Bàbá kò tíì yà lọ́nà. Bí wọ́n sì ṣe ń pàdé látàárọ̀ dalẹ́, ni wọ́n ń ṣe é látàárọ̀ dalẹ́. Oúnjẹ wá ń pẹ́ ju bó ṣe ń pẹ́ kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ. Àbúrò tó rà á fọwọ́ lẹ́rán.

Oṣù ń parí lọ. Obìnrin náà pe Bàbá wọ yàrá, ó tún ọ̀fun ṣe. Kó tó sọ̀rọ̀, Bàbá ní, "Mo ti mọ̀," ó jáde, ó sì gbé tíì gbígbóná pẹ̀lú ata ilẹ̀ wọlé. Ó ní orí ń fọ́ ọ. Orí sì ń fọ́ ọ lóòótọ́. Nígbà tó máa fi mu tíì tán, oníbàárà ti kún ìta. Ó tún pè é lọ́jọ́ kejì, Bàbá gbé ẹyin àti búrẹ́dì wá. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ìrẹsì ni, pẹ̀lú ẹran tó tóbi débi pé ẹnu rẹ̀ kò ráyè sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn parí, kò tíì sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ ti ń fún un.

Inú bí àbúrò. Ó ní bí ẹ̀gbọ́n òun kò bá lè sọ ọ́, òun á lọ sọ ọ́ fúnra òun. Ó so táì mọ́rùn, ó wọlé pẹ̀lú ojú líle, ó lọ bá Bàbá nídìí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ fara pamọ́. Nígbà tó yọjú padà, àbúrò rẹ̀ ti jókòó, ó ti tú táì náà, ó ń fi búrẹ́dì nu àwo.

"Ṣé o ti sọ fún un?" ni ẹ̀gbọ́n béèrè, ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ó di ọ̀la," ni àbúrò wí, ó sì nu ẹnu.

Ọ̀la ò dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oníbàárà ti tán nílẹ̀, obìnrin náà pe Bàbá wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì gbé àga sídìí rẹ̀ kí Bàbá má lè ráyè jáde lọ gbé nǹkan wá.

"Bàbá mi," ó ní, "lónìí, mi ò ní jẹ nǹkan kan."

"Mo ti mọ̀."

"Kí lẹ mọ̀?"

"Pé ẹ fẹ́ kí n máa lọ sílé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọmọ yẹn wọlé ni mo ti mọ̀."

Ó béèrè pé kí ló wá dé tí Bàbá kò sọ nǹkan kan. Bàbá mú tówẹ̀lì kúrò léjìká, ó ń ká a, ó tún ń tú u.

"Kí lo rò pé mò ń fi gbogbo tíì yẹn ṣe?" ló wí. "Ẹnu tó ń jẹun ò lè lé èèyàn. Ìwọ àti àbúrò rẹ kì í sọ̀rọ̀ bí oúnjẹ bá wà lẹ́nu yín. Èmi ni mo kọ́ yín bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ gba ẹnu obìnrin náà, ṣùgbọ́n ó rántí ọjọ́ kan. Bàbá Mo-Ti-Mọ̀ yìí náà ló fún un lóúnjẹ lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá tó bí i, tí kò fẹ́ rí oúnjẹ sójú. Ó dúró tì í, ṣíbí kan, ṣíbí kejì, kò sọ̀rọ̀ ìtùnú kankan, ó kàn ń sọ pé ó kù díẹ̀.

"Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi," ni Bàbá wí. "Ìyàwó mi ti lọ, àwọn ọmọ jìnnà. Bí mo bá jí láàárọ̀ tí kò sẹ́ni tí mo máa gbé oúnjẹ fún, kí ni kí n fi ọwọ́ mi méjèèjì yìí ṣe?"

Obìnrin náà dìde, ó gbé àga kúrò, ó ṣí ilẹ̀kùn. "Ó dà bíi pé oníbàárà kan wọlé," ló wí. "Ẹ lọ dá a lóhùn kí rọ́bọ́ọ̀tì tó débẹ̀." Kò sẹ́ni tó wọlé. Bàbá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó da tówẹ̀lì sí èjìká, ó sì sáré jáde.

Obìnrin náà pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní òun kò lé ẹnikẹ́ni mọ́, bó bá wù ú, kó wá lé e fúnra rẹ̀. Àbúrò ní òun ń bọ̀. Ó wá lóòótọ́. Ó wá ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, ó wá ní èkejì, ọdún mẹ́rin gbáko ló fi ń wá láti wá lé Bàbá. Kò sí ìgbà tó délé láìyó. Aránṣọ yẹn ló ń bá a tú ìbàdí ṣòkòtò. Ilé oúnjẹ náà kò di ńlá, kò sì kú. Àwọn kan tó ti lọ sí òdìkejì títì padà wá. Wọ́n ní oúnjẹ ń yá lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bá àwọn jà.

Ojú oorun ni Bàbá gbà lọ. Gbogbo àdúgbò ló sin ín, ẹkún àbúrò yẹn ló sì pọ̀ jù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tún ilé oúnjẹ ṣí, àbúrò wá, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó. Rọ́bọ́ọ̀tì yí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó kí i káàbọ̀, ó béèrè ohun tó máa jẹ, gbogbo oúnjẹ tó wà nílé sì yọ lójú gíláàsì rẹ̀. Àbúrò na ìka, ìka náà dúró lókè, kò mọ èyí tó máa tẹ̀. Ó wo gíláàsì náà títí. Ẹ̀rọ tún béèrè. Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní káńtà.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "kí ni mo fẹ́ràn láti máa jẹ gan-an?"

Obìnrin náà la ẹnu láti dá a lóhùn, ó rí i pé òun kò mọ̀. Ó ro tara rẹ̀ wò, kò mọ ìyẹn náà. Láti kékeré wọn, ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n rí. Ó jáde lẹ́yìn káńtà, ó wá jókòó níwájú àbúrò rẹ̀, ẹ̀rín sì mú àwọn méjèèjì, ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé wọn kò mọ ìgbà tó di omijé. Rọ́bọ́ọ̀tì dúró tì wọ́n, ó ń retí èsì. Wọn kò lé e lọ.