Ìka Ẹsẹ̀ Tó Ṣáájú Ìyá Mi Kú

Ẹ̀bi mi ni omi gbígbóná yẹn. Kí n tètè jẹ́wọ́ kí n tó máa rojọ́ lọ. Òtútù mú ìyá mi lẹ́sẹ̀ nínú ilé wa ní Ìgándò, ó ní kí n gbé omi kaná, kí n bu iyọ̀ sí i kí òun ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, bí a ti máa ń ṣe. Mo bi í pé, "Ṣé kò gbóná jù, Màámi?" Ó ní, "Ó kàn lọ́wọ́ọ́wọ́ ni, jàre." Èmi náà ò ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo gbàgbé pé àtọ̀gbẹ ti ń bá a gbé tipẹ́, kì í sì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ iná.

Awọ bó. Kò pẹ́, ọmọńdinrín ẹsẹ̀ òsì dúdú bí èédú.

Dókítà obìnrin kan ní Ìkòtún ní àfi kí àwọn gé e, kí dúdú náà má bàa gun ẹsẹ̀. Ìyá mi kọ̀ jálẹ̀. "Pípé ni mo wáyé, pípé ni n ó lọ." Mo jókòó, mo dìde. Mo jáde dé ẹnu géètì ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mẹta láìmọ ohun tí mo wá ṣe níbẹ̀.

Dókítà ò bínú. Ó ya ìka ọwọ́ rẹ̀. "Mà, nígbà tí ẹ ṣì wà nínú ikùn ìyá yín, bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ ni ọwọ́ yín rí; awọ ló so gbogbo ìka pọ̀. Sẹ́ẹ̀lì kéékèèké ni wọ́n fi mọ ara wa. Àwọn tó wà láàárín ìka gbọ́ pé ó tó, wọ́n rọra kú, àwọn aládùúgbò wọn jẹ ìyókù mọ́ tónítóní. Irú ikú bẹ́ẹ̀ ò dá egbò. Ó ń ṣẹlẹ̀ lára yín dòní."

"Èyí ńkọ́?"

"Èyí ò kú ire. Ẹ̀jẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Wọ́n wú, wọ́n bẹ́, ohun inú wọn dà lé aládùúgbò, ìyẹn náà ń ṣàìsàn."

Ìyá mi wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí. "Ẹ ń sọ pé nǹkan ti kú lára mi kí n tó pé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ gé e, ṣá. Àmọ́ ẹ má jù ú sí ààtàn o. Òkú mùsùlùmí ni. Ẹ fún ọmọ mi kó lọ sin ín."

Nọ́ọ̀sì tó ń bá wa di egbò iná náà bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ṣé a máa jẹ sàárà ọjọ́ kẹjọ?"

"Òkú kékeré, àkàrà kan péré. Ìwọ lo máa rà á."

Nígbà tí wọ́n gé e tán, mo fi aṣọ funfun wé e, mo sin ín sẹ́yìnkùlé wa. Egbò náà ń jinná díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ọkàn mi ò tíì balẹ̀. Láràárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀, tí mò ń tan tọ́ọ̀ṣì sí àárín ìka mẹ́sàn-án tó kù.

"Kí lò ń wá níbẹ̀?"

"Dúdú ni mò ń wá, Màámi."

Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ó tún nà án padà fún mi.