Ikọ́ Tó Wọlé Bá Bàbá Kòkòrò

Bàbá Kòkòrò ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ mi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu aránṣọ ìsàlẹ̀ ilé wa, díẹ̀ ló kù kí n bá a jà. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín ni. Ó ní, "Ìyàwó mi, wọn ò kúkú parọ́ mọ́ mi." Àtìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú ló ti ń wá abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ikọ́ líle, ikọ́ burúkú tó máa ń gba èémí lọ́wọ́ ọmọ tuntun. Ikọ́ yìí ló pa àbúrò rẹ̀ ní ìkókó. Abẹ́rẹ́ wà fún un o, àmọ́ agbára rẹ̀ kì í pẹ́ lára. Èyí tó máa pẹ́ ni ọkọ mi ń wá.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí rèé: wọ́n á sin kòkòrò ikọ́ nínú ìgò bí ẹni ń sin adìyẹ, wọ́n á wá fi omi gbígbóná pa á. Òkú rẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ara ní ìjà. Bí omi bá gbóná jù, òkú ò wúlò mọ́. Bí kò bá gbóná tó, yéè! Ojú lásán ò lè mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè, nítorí náà wọ́n máa ń lẹ bébà pupa mọ́ ìgò tó bá ti jáde nínú omi. Àìmọye ọdún ni gbogbo rẹ̀ ń já sófo, tí wọ́n tún ń bẹ̀rẹ̀.

A kì í fìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ìkánjú mú ọkọ mi. Ó lẹ bébà pupa mọ́ ìgò kó tó kó wọn sínú omi, kí iṣẹ́ lè yá. Nígbà tó ń ṣí ọ̀kan lẹ́yìn náà, omi inú rẹ̀ ta sí i nímú, kò sì bo imú. Ó bọ́jú, ó wálé. Òkú kòkòrò ṣáà ni.

Ọmọ wa obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà yẹn, ọ̀dọ̀ wa ló wà. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni bàbá àgbà ń tẹ̀ ba lórí ìbùsùn ọmọ, tó ń fẹnu dárà fún un. Ló bá di pé ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Bí a ṣe ń rò pé òtútù ni, igbákejì rẹ̀ níbi iṣẹ́ pè é lórí fóònù: ẹ̀rọ tó ń gbé omi kaná ti bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó dákẹ́.

Fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọ yàrá, ó ti ara rẹ̀ mọ́lé. "Ẹ gbé ọmọ yẹn jìnnà sí mi o! Ẹ jọ̀ọ́!"

Dókítà wá, ó fi òwú gba ikun imú ọkọ mi lọ fún àyẹ̀wò, ó fún gbogbo ilé lóògùn, àti ọmọ tí ò tíì lè gbé orí dúró. Ó ní kòkòrò yìí kì í tètè hù nínú àwo àyẹ̀wò, ká ní sùúrù. Sùúrù kẹ̀! Bí ọmọ bá ti sín báyìí, mo ti sáré dé ẹ̀gbẹ́ ìbùsùn rẹ̀.

Ọmọ mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, omijé ń bọ́. "Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá ikọ́ yìí jà látọjọ́ yìí, ẹ̀yin náà lẹ wá gbé e wọlé bá ọmọ mi?"

Ikọ́ rẹ̀ là ń gbọ́ láti inú yàrá. Mo jágbe mọ́ ọmọ mi, mo jágbe mọ́ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú irọ́ ni, ẹ̀rù ló ń bà mí.

Igbákejì rẹ̀ ló gbé èsì wá fúnra rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ọ̀gá, nǹkan kan ò hù! Nínú ìgò tó ta sí yín o, nínú imú yín o, kò sí! Omi ti pa wọ́n kí ẹ̀rọ tó dákẹ́! Ikọ́ lásán ni!"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bú sẹ́kún.

Ọkọ mi ṣílẹ̀kùn. Ó ti rù. Ọmọ wa wò ó títí, ó sì na ìkókó sí i. Ọkọ mi kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ gbé e."

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ."

Àwa rò pé àwàdà ni. Mo wá rántí pé ọmọ mẹ́ta ni mo bí fún un, kò gbé ọ̀kan rí títí wọ́n fi ń rìn. Mo máa ń sọ pé ìgbéraga ni; àṣé ẹ̀rù ikọ́ tó pa àbúrò rẹ̀ ni.

Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo fi ọ̀kan sábẹ́ orí ọmọ, mo fi èkejì sábẹ́ ìdí. Ó gbé e. Ó sì yí ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó má baà mí sí i.