Àìsàn Tí Kì í Jí Láàárọ̀

Ọmọ Issaba ni Èjìdé, ṣùgbọ́n Sakété ló lọ́kọ sí, ibẹ̀ ló ti bí Joséphine, ọmọ rẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti ń ránṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Ẹnu rẹ̀ ni kò dára. Tí oníbàárà bá pẹ́ kó tó wá gba aṣọ, Èjìdé á bẹ̀rẹ̀ èébú láti orí baba ńlá ẹni náà, á máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi kan ẹni náà fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ní kúrò lórí ẹ̀rọ. Àwọn míì a máa mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ti baba ńlá wọn.

Ní ọdún kejì tí Dàhòmì gba òmìnira, èébú náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Láàárọ̀, ó já gaara. Tó bá di ọ̀sán, ohùn Èjìdé á bọ́ sí imú, ọ̀rọ̀ á máa lọ́ mọ́ra wọn bí òwú tó ta kókó. Ìpéǹpéjú rẹ̀ á wálẹ̀, á bo ojú dé ìdajì. Tó bá ń jẹ ẹran, àfi kó fọwọ́ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè kó tó lè rún un. Àwọn ará àdúgbò ní ọtí sọ́dábì ló ń mu. Ìyàwó alágbẹ̀dẹ òdìkejì ọ̀nà ní irọ́ ni, ọkọ òun ló ń ṣẹ́jú sí.

Èjìdé ní, "Ọkọ wo? Èyí tó ku eyín mẹ́ta?"

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ló sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó wí, ìyẹn ló sì dùn ún jù.

Nígbà yẹn, Dókítà Mathias ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Dakar dé. Ó gba ilé kan lọ́nà Pobè, ó kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri, ó ń tọ́jú gbogbo ìdílé, láti ọmọ ọwọ́ dórí arúgbó. Aago méje àárọ̀ sí méjìlá ló ń rí aláìsàn. Lẹ́yìn náà á jẹun, á sì sùn, bí àwọn Faransé tó kọ́ ọ ṣe máa ń sùn. Òyìnbó ti lọ, àsíá ti yí padà, ṣùgbọ́n wọ́n fi oorun ọ̀sán wọn sílẹ̀ fún wa.

Aago méje ni Èjìdé bá a. Dókítà tan iná sí i lójú, ó ní kó la ẹnu, ó ní kó fọwọ́ ti òun. Èjìdé tì í, Dókítà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

"Ìyá Joséphine, kò sí nǹkan kan tó ń ṣe yín."

"Ojú mi máa ń pa dé tó bá dọ̀sán, Dókítà."

"Tèmi náà máa ń pa dé lọ́sàn-án."

Ó fún un ní fítámì. Nígbà tó padà wá, Dókítà ní ìrònú ni, kó dín ọ̀rọ̀ kù. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fún un ní kíníìnì, nítorí kò sẹ́ni tí wọn kì í fún ní kíníìnì. Ní ọjọ́ kẹta tó ti ń lò ó, Èjìdé kò lè gbé itọ́ mì mọ́. Orí rẹ̀ ń tẹ̀ síwájú, ó ń fọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹni tó gbé igbá. Ó da ìyókù kíníìnì náà sínú ṣalángá.

Ó wá jókòó, ó rò ó. Gbogbo ẹni tó ń wò ó, àárọ̀ ni wọ́n ń wò ó. Àwọn ará ìjọ aláṣọ funfun, tí Èjìdé ń rán sùtánà fún, gbàdúrà fún un láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, ó dìde, ó jó, wọ́n dúpẹ́. Kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán tán, ojú ti tún wálẹ̀.

"Àìsàn mi kì í tètè jí," ló sọ fún Bonaventure, ọkọ rẹ̀. "Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó wá lásìkò tirẹ̀."

Aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó wọ ilé Dókítà. Berthe, obìnrin tó ń bá Dókítà gún abẹ́rẹ́, ní ọ̀gá ń sùn. Èjìdé kò lè fèsì. Ó fi ìka gbé ìpéǹpéjú kan sókè, ó fi ojú kan ṣoṣo náà wo Berthe, Berthe sì yà fún un. Dókítà fi ìbínú jáde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó rí i, ó fa àga fún un. Ó ní kó ka oókan dé àádọ́ta. Kó tó dé ogún, ohùn ti di ìkùnsínú. Ní ọgbọ̀n, kò sí ohùn mọ́.

"Mo ti bá èyí pàdé nínú ìwé," ni Dókítà wí. "Ojú ìwé kan péré. Mo fò ó, torí wọ́n ní kò wọ́pọ̀."

Ó gbé ìwé náà wá. Miyasitení ni wọ́n pè é níbẹ̀: ọpọlọ ń ránṣẹ́ sí iṣan, iṣẹ́ náà kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa, bí iṣan bá ṣe ń ṣiṣẹ́ tó ni agbára rẹ̀ ń tán tó, àfi tó bá sinmi. Kíníìnì wà nínú àwọn ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ lò. Dókítà ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Kò kà á sókè.

Ọjọ́ kẹta ni abẹ́rẹ́ tí ìwé náà dárúkọ dé láti Àjàṣẹ́. Kò tó ààbọ̀ wákàtí tí wọ́n gún un tí ìpéǹpéjú náà gòkè. Èjìdé fọwọ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, ó ṣí i, ó pa á dé.

"Ìyá Joséphine," ni Dókítà wí, "kíníìnì tí mo fún yín ló dá kún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Èjìdé wò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí baba ńlá rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó kan Mathias fúnra rẹ̀. Dókítà dúró gbọ́ gbogbo rẹ̀ bí ọmọ iléèwé.

Lọ́dún yẹn, Pobè ni àwọn dókítà agbègbè fẹ́ ṣèpàdé sí. Mathias ní kí Èjìdé wá síbẹ̀ láago mẹ́sàn-án àárọ̀.

"Kí n wá ṣe kí ni láàárọ̀? Kí n wá kí wọn?"

Wọ́n sún un sí ẹ̀yìn oúnjẹ ọ̀sán. Oògùn tó ti ń lò lójoojúmọ́ láti ìgbà abẹ́rẹ́ yẹn, Èjìdé mọ̀ọ́mọ̀ kò lò ó láti àárọ̀. Àwọn dókítà mọ́kànlá ti jẹ iyán àti òkété yó, wọ́n ń tòògbé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ohùn pin. Dókítà Firmin, ọkùnrin oníkùn láti Àjàṣẹ́, ní àwọn obìnrin a máa ṣe báyẹn tí wọ́n bá fẹ́ aṣọ tuntun. Èjìdé fọwọ́ pè é mọ́ra, ó nawọ́ sí ojú ara rẹ̀. Firmin gbé ìpéǹpéjú náà sókè, ó já bọ́. Ó tún gbé e, ó tún já bọ́. Kò sọ̀rọ̀ aṣọ mọ́.

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n dúró. Nígbà tó yá, ó ka àádọ́ta pé.

"Tí ẹnìkan bá ní ọ̀sán ni àìsàn òun ń dé," ló wí, "ẹ má wò ó láàárọ̀ kí ẹ lé e lọ sílé. Ẹ jí lọ́sàn-án kí ẹ wò ó. Mi ò bẹ̀ yín ju ìyẹn lọ."

Láàárín oṣù mẹ́ta, gbogbo ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti wálẹ̀ ni àwọn dókítà ń fi ránṣẹ́ sí Sakété: ọ̀mùtí mẹ́rin, abiyamọ tí kò rí oorun sùn, ọkùnrin kan tí oyin ta lójú. Ṣùgbọ́n Firmin fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà nípa Òkè, àgbẹ̀ kan ní Aguidi. Òkè a máa roko dáadáa láàárọ̀. Tó bá dọ̀sán, ọkọ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é, àwọn àna rẹ̀ sì ti fẹ́ gba ọmọ wọn padà.

Èjìdé bá a dé ọ̀dọ̀ Mathias láago mẹ́ta. Kí wọ́n tó gún un, Òkè ní kí wọ́n jẹ́ kí ìyá ìyàwó òun wọlé, kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Wọ́n gún un; ìyá náà jókòó, ó ń wò ó títí ojú Òkè fi là, tí ọrùn rẹ̀ sì nà.

"Ẹ ṣeun o, Dókítà," ni ìyá náà wí. "N kò mọ̀ pé ìwà ọ̀lẹ náà ní oògùn."