Èébú Tí Ohùn Oyin Gbé Mì

Ohùn Oyin ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí bí o bá bú u dé ìran bàbá rẹ̀, ohùn tútù ló máa fi dá ẹ lóhùn. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: kó máa gbọ́ ẹ̀sùn àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ omi lórí fóònù. Omi ò yọ, òun ni wọ́n ń bú. Omi dọ̀tí, òun náà ni. Kò sì gbọdọ̀ fèsì, torí ọ̀gá wọn, tí kò ju àbúrò rẹ̀ lọ, máa ń tẹ́tí sí wọn láti inú yàrá onígíláàsì.

"Máa rẹ́rìn-ín," ọ̀gá á ní. "Wọ́n ń gbọ́ ẹ̀rín lórí fóònù."

Gbogbo èébú tó ń gbé mì, inú àyà ni wọ́n ń jókòó sí. Oorun dá lójú rẹ̀. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kó dín wàhálà kù. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá.

"Ta ni ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò ru níbí?" Gbogbo òṣìṣẹ́ tó gbọ́ bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan ń bú u lọ́wọ́ nígbà tó dà bíi pé wọ́n gbé ọlọ lé e láyà. Ìrora náà gba apá òsì, ó gun àgbọ̀n. Òógùn bò ó.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, àyà mi."

"Parí ti oníbàárà yẹn ná."

Ó parí ẹ̀. "Ẹ ṣeun tí ẹ pè wá, sà," ló sọ kẹ́yìn kó tó ṣubú lulẹ̀.

Ní ọsibítù, dókítà sọ fún ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ kápẹ́ńtà, pé iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn ló dí. Ká ní wọ́n tètè gbé e wá ni, apá kan ọkàn rẹ̀ ì bá má kú. Kápẹ́ńtà fi ìbínú pe ilé-iṣẹ́ náà. Ohùn ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ló dá a lóhùn: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ yín jẹ wá lógún." Ó ti bú ohùn náà kó tó mọ̀ pé ohùn ìyàwó òun ni. Ó jókòó, ó bú sẹ́kún.

Nígbà tí obìnrin náà délé, àtẹ̀gùn mẹ́ta péré ti tó láti gba èémí lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá wá kí i; ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀.

"Mọ́mì, ẹ ò lè padà síbi iṣẹ́ mọ́. Àmọ́ ọmọ yín obìnrin yìí, ohùn ẹ̀ jọ tiyín. Ẹ ò ṣe jẹ́ kó wá gba àga yín?"

Ìyá fẹ́ sọ pé rárá. Ó wo kápẹ́ńtà tí iṣẹ́ ò wọlé fún, ìyẹn wolẹ̀. Ọmọ náà ní òun á lọ.

Láàárọ̀ tó ń lọ, ìyá rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. "Bí àyà bá ń dùn ẹ́, bó ti wù kó kéré tó, dìde kó o jáde. Má tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Mo ti gbọ́, Mọ́mì."

Ṣùgbọ́n ó ti mọ ọmọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé yóò tọrọ ààyè, pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́jẹ́.