Rédíógíráàmù Bàbá Ṣàdíkù àti Ẹni Tó Ka Wáyà Rẹ̀

Bàbá Ṣàdíkù ló kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Ojú bàbá náà ti di bàìbàì débi pé kò lè rí èéfín, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ṣì pé. Ó yí orí sí ibi tí mo kúnlẹ̀ sí lẹ́yìn rédíógíráàmù rẹ̀, ó ní, "Tíṣà, kí ló ń jó?"

Mo fẹ́ sọ pé kò sí nǹkan. Kí n tó la ẹnu, ohùn sípíkà apá òsì ti dákẹ́.

Tíṣà ni mí lóòótọ́ nígbà náà. Mo ti gboyè nínú ìmọ̀ físíìsì, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní Ìkẹ́nnẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé ni mo máa ń wá sí Ṣàgámù láti tún ẹ̀rọ orin àtijọ́ ṣe. N kò pè é ní iṣẹ́. Mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Múfú, lẹ́bàá Sábó, ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń lo irin gbígbóná tí a fi ń lẹ wáyà. Ìwé mẹ́fà ni Ọ̀gá Múfú kà. Mo sọ èyí nítorí pé mo fojú kékeré wo ìmọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, n kò sì fẹ́ fi í pamọ́. Ọjọ́ kan, awakọ̀ kan gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ̀ wá, ó ní olórin inú rẹ̀ ti di arúgbó. Ọ̀gá Múfú pààrọ̀ bẹ́líìtì tó ti dẹ̀, ó gbé e fún un, ó ní, "Ó ti padà di ọ̀dọ́. Má jẹ́ kí oòrùn máa pa á." Gbogbo àlàyé tó ṣe nìyẹn, ó sì tó.

Rédíógíráàmù Bàbá Ṣàdíkù jẹ́ àpótí igi ńlá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Rédíò wà lápá kan, ibi tí à ń gbé àwo orin lé wà lápá kejì, sípíkà méjì wà nísàlẹ̀. Ó rà á nígbà tí òwò obì rẹ̀ ń dé Kánò. Láti ìgbà tí ojú kò ti jẹ́ kó lè lọ sí ìsọ̀ mọ́, òun àti àpótí yẹn ni wọ́n jọ ń lo ọ̀sán. Ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó, Kàmọ́rù, ti ránṣẹ́ pé òun ń gbé sítẹ́ríò tuntun bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, àti pé tí òun bá dé, àwọn yóò tú inú ògbólógbòó yẹn dànù, kí ìyá òun máa kó abọ́ sínú àpótí rẹ̀. Bàbá kò bá ọmọ jà. Ó kàn ní kí n wá jẹ́ kí ohùn rẹ̀ túbọ̀ lágbára, kí Kàmọ́rù fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ kó tó fọwọ́ kàn án.

Mo ti pààrọ̀ àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ti gbẹ, ohùn sì ti mọ́ sí i. Ibi sípíkà ni mo ti ṣìṣe. Mo fẹ́ dán tuntun wò lápá òsì, mo sì tú wáyà ti àtijọ́ nígbà tí orin ṣì ń dún kíkankíkan. Nínú ẹ̀rọ oní-tiransísítọ̀ tí wọ́n fi kọ́ wa ní yunifásítì, ohun tí à ń bẹ̀rù ni kí ẹnu wáyà sípíkà méjèèjì kan ara wọn. Mo yà wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa, inú mi sì dùn sí ìṣọ́ra mi. Ṣùgbọ́n fáàfù ni ẹ̀rọ bàbá ń lò, àwọn gílóòbù kéékèèké tó máa ń pọ́n bí ẹyin iná. Láàárín fáàfù àti sípíkà ni tiransifọ́mà wà, irin tí a wé wáyà tín-ín-rín mọ́. Tí sípíkà kò bá sí níbẹ̀ láti gba agbára tó ń bọ̀, inú wáyà yẹn ni agbára náà yóò ti máa ta. Nígbà tí mo fi so sípíkà tuntun mọ́ ọn, ó ti ń jó; ohùn dún díẹ̀, ó sì kú. Ìṣọ́ra mi gan-an ló jó o.

Mo sọ òótọ́ fún bàbá, mo sì lọ pe Ọ̀gá Múfú. Ó wò ó, ó gbóòórùn rẹ̀, kò bá mi wí.

"Tíṣà, ìwé rẹ kò parọ́," ló wí. "Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ mìíràn ló ń sọ."

Ọjà òkè òkun ti wọ́n lọ́dún náà. A kò lè rí irú tiransifọ́mà náà rà. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí a tú wáyà tó jó náà, kí a ka iye ìgbà tó yí ká, kí a sì wé òmíràn sí i ní iye kan náà. Tí iye bá dín, ohùn yóò tín-ín-rín. Tí ó bá lé, wáyà kò ní gba inú irin náà.

Lọ́jọ́ kejì, Sọ́ńdè, Ọ̀gá Múfú gbé ẹ̀rọ tó fi ń wé wáyà wá sí pálọ̀ bàbá. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, ó sì fi ahọ́n agolo kan sí i tó máa ń dún "kẹ́" ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n máa fi bírò sàmì. Bàbá ní kí wọ́n gbé agbọ̀n obì kan àti igbá òfìfo wá fún òun. Mo rò pé ó fẹ́ jẹ obì ni.

Ọ̀gá Múfú bẹ̀rẹ̀ sí yí i láti tú wáyà tó jó náà. Ní ìró márùn-ún, bàbá á ká ìka kan. Tí ìka mẹ́wàá bá pé, á ju obì kan sínú igbá. Àwọn àgbà àdúgbò mẹ́ta wọlé wá kí i níkọ̀ọ̀kan. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo sì padà sídìí ìwé mi. Bàbá dá wọn lóhùn ní tirẹ̀, ó tilẹ̀ béèrè bóyá ibà ọmọ ẹnì kan ti lọ.

Nígbà tí wáyà tán, iye tèmi jẹ́ ẹgbẹ̀rìnlá ó dín ọgọ́ta. Bàbá ní kí n ka obì inú igbá. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni, àádọ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún. Ẹgbẹ̀rìnlá géérégé.

"Bàbá, ẹ má bínú," ni mo wí, "mo kọ tèmi sílẹ̀."

"O kọ ọ́. Mo ń gbọ́ bírò rẹ. Nígbà tí Ìyá Ṣùkúrá wọlé, bírò dákẹ́."

Ọ̀gá Múfú rẹ́rìn-ín. "Ó ń dọ̀bálẹ̀ ni, Bàbá. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni."

"Ó lẹ́kọ̀ọ́," ni bàbá wí. "Ṣùgbọ́n ní ìsọ̀ obì, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ ọ jẹ ló máa ń kí ọ jù nígbà tó o bá ń kà. Ẹnu mi ló ń kí wọn. Ìka mi ló ń kà."

Mo rò ó wò. Àlejò mẹ́ta, ìdọ̀bálẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè gba bí ogún ìyípo. N kò lè sọ pé ìyẹn fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ tán, àmọ́ n kò rí àlàyé mìíràn tó dára jù ú lọ. Iye bàbá la fi wé tuntun, òun náà ló sì tún kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo fi mítà wọn apá òsì mọ́ apá ọ̀tún, ọwọ́ mítà dúró síbì kan náà. Mítà mi kò lè fi ọgọ́ta ìyípo hàn, nítorí náà n kò ní fi í ṣe ẹlẹ́rìí. Ohun tí mo lè jẹ́rìí sí ni pé, nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, n kò mọ èwo nínú ohùn méjèèjì ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe.

Kàmọ́rù dé ní Sátidé pẹ̀lú páálí ńlá. Orin ń lọ nígbà tó wọlé. Ó dúró síbi ilẹ̀kùn, páálí lọ́wọ́ rẹ̀, títí ojú kan àwo náà fi parí. Ó rọra gbé páálí sílẹ̀, ó yí àwo sí ojú kejì fúnra rẹ̀, ó sì jókòó. Lẹ́yìn náà ló sọ pé òun yóò gbé sítẹ́ríò náà padà s'Ékòó, pé àwọn ọmọ òun yóò rí i lò.

A ti ń kó irinṣẹ́ wa nígbà tí Ọ̀gá Múfú padà sọ́dọ̀ bàbá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Bàbá, tiransifọ́mà mẹ́rin ló wà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí. N kò rí ẹni tó lè bá mi kà wọ́n."

Bàbá Ṣàdíkù na ọwọ́. Ó ń wá ọ̀pá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

"Aago mélòó lẹ máa ń ṣí?"