Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Dáhùn

Ọmọdé ni nígbà tó gbọ́ ọ: èémí àbúrò rẹ̀ tó ń súfèé lórí ẹní, lẹ́yìn tó jẹ ẹ̀pà. Fíì, fíì. Bàbá wọn ní òtútù ni. Nígbà tó yá, ìró náà dákẹ́. Gbogbo ilé mí kanlẹ̀, wọ́n rò pé ara ti tù ú. Ọmọ náà ti lọ.

Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n náà ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Anti Kọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè é, torí kọ̀rọ̀ yàrá ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ló ti ń dá jẹun ọ̀sán. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bi ẹ̀jẹ̀ léèrè ohun tó jẹ́ èèwọ̀ ara ẹni tó ni ín. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó dà bí ọlọ́dẹ: bí wọ́n bá rí ọ̀tá, wọ́n á ta jí, àmì á sì yọ lára wọn. Yóò pín ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà sínú ike tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta. Ọ̀kan kò gba nǹkan kan, ọ̀kan gba oje ẹ̀pà, ọ̀kan gba oògùn tó yẹ kó jí ọlọ́dẹ èyíkéyìí. Yóò fi aró tó ń tàn sí i, ẹ̀rọ á sì ka àwọn tó jí.

Lọ́jọ́ kan, ìyá kan jókòó síta pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà lè jẹ ẹ̀pà. Ẹ̀rọ ka ike ẹ̀pà. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà pa lọ́lọ́, ọlọ́dẹ kankan ò jí.

Ọ̀gbẹ́ni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti ń bọ́ ìbọ̀wọ́. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Anti Kọ̀rọ̀, ẹ kọ 'kò sí èèwọ̀,' ká máa relé jàre."

"Ike tó yẹ kó jí wọn ńkọ́? Òun náà dákẹ́."

"Ṣé ẹ fẹ́ nà án kó tó sọ̀rọ̀ ni?"

"Bó o bá kanlẹ̀kùn ẹni tó sùn fọnfọn, tí ò dá ẹ lóhùn, ṣé wàá ní kò sẹ́ni nílé?"

Ó tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni. Ẹ̀jẹ̀ àwọn kan rí bẹ́ẹ̀, kì í dá ọ̀nà yìí lóhùn, bí èèwọ̀ tilẹ̀ wà lára wọn. Ó jáde lọ bá ìyá náà.

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Dókítà á gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ má jẹ́ kó tọ́ ẹ̀pà wò."

"Kí lẹ wá fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ṣe, ẹ fi se ọbẹ̀ ni? Bó bá ti dákẹ́, ṣebí àlàáfíà nìyẹn!"

"Mo ti gbọ́ irú ìdákẹ́ yẹn rí, Màmá."

 Ìyá náà fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, kò dágbére. Lẹ́nu ọ̀nà, ó yọ ẹ̀pà tí wọ́n fi ìwé wé nínú báàgì rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú agbọ̀n ìdọ̀tí.

Nírọ̀lẹ́, Anti Kọ̀rọ̀ ṣílẹ̀kùn yàrá rẹ̀. "Ẹ kú ilé o." Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìyẹn ò nílò àyẹ̀wò: kò sẹ́ni nílé lóòótọ́. Nígbà tó jẹun tán, ó fọ ife kan, àwo kan, ṣíbí kan, ó nù wọ́n gbẹ, ó sì dojú ife náà dé.