Wọ́n Ní Ìyá Ẹlẹ́yinjú Oyin Ń Dá Sọ̀rọ̀

"Tẹ orí ẹ síwájú. Wéré báyìí, ó ti parí."

Orí mi wà láàárín itan méjèèjì ìyá tó ń dirun fún mi, etí mi ọ̀tún kan orúnkún wọn, òórùn àdín sì kún imú mi. Òòyà onígi ń la àárín orí mi lọ sí ìpàkọ́, ó ń dùn mí, ó sì tún ń dùn mọ́ mi. Wọ́n wà lórí àpótí, èmi wà lórí ẹní, adìyẹ ń ṣa ẹ̀kọ tó já bọ́ lọ́wọ́ mi jẹ. Wọ́n ń sọ̀rọ̀. Wọn kì í dákẹ́ bí wọ́n bá ń dirun. Èmi sì máa ń sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun gan-an ni mo fẹ́ sọ: wọ́n ń sọ̀rọ̀, èmi ni wọ́n ń bá sọ ọ́, mo sì ń sùn.

Ẹdẹ ni, kí òmìnira tó dé. N kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ilé ìyá náà kọjú sí tiwa, kòtò àgbàrá kan ló wà láàárín. Ìyá Onídìrí là ń pè wọ́n. N kò mọ orúkọ wọn gan-an, n kò sì béèrè rí, èyí náà wà lára ohun tó ń tì mí lójú. Gbogbo ọmọbìnrin àdúgbò wa, ọmọ onígbàgbọ́, ọmọ ìmàle, kò sí èyí tí ìka wọn kò kọjá lórí rẹ̀. Kòlẹ́sẹ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n dì jù. Bí wọ́n bá di kòlẹ́sẹ̀ fún ẹ, ọ̀sẹ̀ méjì lo máa fi yan kiri, tíṣà pàápàá á béèrè pé ta ló dì í.

Bí wọ́n bá parí, wọ́n á gbé díńgí kékeré kan síwájú mi, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ èjìká mi kí àwa méjèèjì lè jọ wò ó. Inú díńgí yẹn ni mo ti mọ ojú wọn dáadáa, torí ẹni tí wọ́n ń dirun fún kì í rí ojú onídìrí. Ẹyinjú wọn kò dúdú bíi tiwa. Àwọ̀ oyin ni. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe bí àwọn nìyẹn, pé ìyá bàbá àwọn ló ni ín. "Wo ara ẹ," wọ́n á wí, "ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ mi." Èmi tí tèmi dúdú bí ìdí ìkòkò ni wọ́n ń kì báyẹn o.

Nínú agboolé wa, ẹnikẹ́ni kò pè é ní oyin. Ojú ológbò ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí wọ́n wà nílé ọkọ ní Sekona, ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Wọ́n wá kí wa, wọ́n mu omi, wọ́n wo òdìkejì kòtò, wọ́n sì mi orí. "Ẹ ṣọ́ra o. Ẹni tó bá ní irú ẹyinjú yẹn, inú rẹ̀ máa ń le, orí rẹ̀ kì í sì í dúró. Ìyàwó kan wà ní Sekona wa, ẹyinjú rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọjọ́ ọjà ló bọ́ṣọ síta." Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n rí o! Ẹnì kan! Mélòó ni ẹlẹ́yinjú dúdú tó ti ya wèrè lójú wa ní Ẹdẹ, tí ẹnikẹ́ni kò torí ẹ̀ sọ pé ẹyinjú dúdú ló fà á? Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ronú débẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará agboolé wa ti ń ṣọ́ ìyá náà. Bí ìyá náà bá rẹ́rìn-ín, "Ẹ ò rí i?" Bí wọ́n bá dákẹ́, "Ẹ ò rí i?" Bí wọ́n bá pariwo lé ewúrẹ́ tó ń jẹ ẹ̀fọ́ wọn, àwọn obìnrin á wo ara wọn lójú, wọ́n á ní inú rẹ̀ ti ń le nìyẹn. Wọ́n tilẹ̀ ka ti rélùwéè mọ́ ọn. Bí ọkọ̀ ojú irin bá fọn fèrè ní ìdíkọ̀, ọwọ́ ìyá náà á dúró sínú irun ọmọ tó wà níwájú wọn, kò ní mira títí ìró rẹ̀ á fi lọ pátápátá.

Èmi mọ ìdí ẹ̀. Ní ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ tí n kò sùn, wọ́n sọ ọ́ fún mi. "Rélùwéè yẹn ló gbé ọmọ mi lọ sí Jọ́ọ̀sì, òun àti ọkọ rẹ̀. Ẹyọ kan tí mo bí. Orí ìkúnlẹ̀ ló kú sí. Ṣé o ń gbọ́?"

Mo ní, "Hùn."

"Lẹ́tà ni wọ́n fi ránṣẹ́. Tíṣà ló kà á sí mi létí. Ọmọ ẹni kú, èèyàn ò rí òkú ẹ̀, èèyàn ò rí sàréè ẹ̀. Ṣé o ń gbọ́?"

N kò rántí bóyá mo dáhùn ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n fa irun mi mọ́ra, wọ́n ní, "Wéré báyìí, ó ti parí."

Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn nìyẹn, wéré báyìí. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n mọ́ wọn. Wọ́n á ti máa fà ọ́ lórí láti àárọ̀, oòrùn á ti yí, wọ́n á ṣì máa sọ pé wéré ni, wéré ló kù. Kò sí ẹni tó yí i sódì àfi èmi.

Ó di àsìkò ìkórè àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ṣùkú ni mo fẹ́, torí ọ̀rẹ́ mi kan ti di ṣùkú. Ìyá náà ní rárá, irun iwájú mi kò lágbára, yóò já. Kòlẹ́sẹ̀ ni wọ́n dì fún mi. Mo ń ké, mo ń ju ẹsẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn òòyà gbá mi ní èjìká fẹ́ẹ́, wọ́n ní kí n jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn ọmọ yòókù tó ń dúró de tiwọn bú sẹ́rìn-ín. Àṣé ìbínú ọmọdé kì í ṣe nǹkan kékeré! Bí a ṣe ń lọ sílé ìwé lọ́jọ́ kejì, mo ní kí àwọn ẹgbẹ́ mi gbọ́, pé ìyá yẹn ń fẹnu ara ẹ̀ sọ irú ẹni tó jẹ́. Mo sín wọn jẹ: "Wéré báyìí, wéré báyìí." Mo wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Wèrè báyìí, wèrè báyìí." N kò fi nǹkan kan kún un. Ohùn nìkan ni mo rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti di orin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i:

Olójú ológbò,
Wéré, wéré,
Wèrè, wèrè,
Ó ń dirun, ó ń dá sọ̀rọ̀.

Èmi ni mo dá a. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé mo mọ orin í dá, pé ẹ̀bùn ni. Ó dáa. Ohun tí mo kọ́kọ́ fi ẹ̀bùn mi ṣe nìyẹn.

Lẹ́yìn orin ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọmọ kan tí ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun fún, ara rẹ̀ sì gbóná. Ibà lásán ni, ó mu àgbo, ara rẹ̀ yá. Àmọ́ ìyá ọmọ ti sọ pé ojú ológbò yẹn ló wo ọmọ òun lórí. Ẹní ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Mo sì ṣàkíyèsí nǹkan kan lẹ́nu àwọn obìnrin wa. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á ní, "Ìyá Onídìrí ti jí, wọ́n ti ń gbálẹ̀." Nísinsìnyí, "Ó ti jí, ó ti ń gbálẹ̀." Àgbà tó ju ìyá wọn lọ! Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bọ́ ọ̀wọ̀ kúrò lára wọn bí ẹni bọ́ aṣọ.

Màmá mi nìkan ló kù tí wọ́n ṣì ń pe ìyá náà ní "wọ́n". Màmá mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n pè mí síwájú ilé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn obìnrin agboolé mẹ́ta dúró tì wọ́n. "Ìwọ ni wọ́n ń dirun fún jù. Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n máa ń dá sọ̀rọ̀? Ohun tó o bá sọ ni màá gbà."

Háà. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Bí mo bá ní, "Èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, màmá, èmi ni mò ń sùn," ó ti parí. Ṣùgbọ́n wọ́n á béèrè pé ta wá ló dá orin. Àwọn obìnrin yẹn ń wo ẹnu mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, màmá. Wọ́n máa ń dá sọ̀rọ̀."

Màmá mi mí kanlẹ̀. "Ó ti ń ya wèrè nìyẹn," wọ́n wí. Ojú mi ni ìyá náà ti di "ó" lẹ́nu màmá mi, èmi ni mo sì sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n mú òòyà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun mi níbẹ̀, lójú gbangba, a kọjú sí ilé ìyá náà gan-an. Kòlẹ́sẹ̀ mìíràn tí ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dì fún mi, tí kò tíì lo ọjọ́ mẹ́rin. Ìyá Onídìrí jáde pẹ̀lú ẹní lábíyá, wọ́n fẹ́ tẹ́ ẹ. Wọ́n rí wa, wọ́n dúró. N kò lè wo ojú wọn, ilẹ̀ ni mò ń wò. Mo rò pé wọ́n á bú wa, mo tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n bú wa. Wọ́n kàn gbóhùn sókè láti òdìkejì kòtò pé, "Ẹ rọra o, ìyá ọmọ. Iwájú rẹ̀ kò lágbára, yóò já." Màmá mi ń tú u lọ.

Kò pẹ́ tí àwọn ará àdúgbò fi ránṣẹ́ sí àbúrò ìyá náà ọkùnrin ní ìlú Ara, pé kó wá mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó tó di pé ó já sọ́jà. Ọkùnrin náà dé. Ìyá náà kò bá a jà. Wọ́n di aṣọ díẹ̀, wọ́n mú òòyà wọn àti ìgò àdín. Nígbà tí wọ́n kọjá lẹ́nu ilé wa, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Má sunkún. Wéré ni n ó dé."

Àwọn ọmọ tó wà létí kòtò bú sẹ́rìn-ín. "Ó tún ti sọ ọ́! Wèrè, wèrè!" Ìyá náà wò wọ́n, kò kọ́kọ́ yé wọn. Ẹ̀yìn náà ló yé wọn. Ọwọ́ wọn kúrò lórí mi díẹ̀díẹ̀. Ta ló gbọ́ wéré lẹ́nu wọn tó èmi? Wọ́n fi ẹyinjú oyin wọn wò mí, wọ́n sì tẹ̀ lé àbúrò wọn lọ.

Mo tún rí wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. A ti gbòmìnira nígbà náà, mo ti ń lọ sí ilé ìwé módà, èmi àti màmá mi lọ ra iṣu ní Ara. Ìyá arúgbó kan jókòó ti ògiri, wọ́n ti fá gbogbo orí wọn, ojú gbẹ́rẹ́ sì kún àtàrí wọn. Wọ́n ní orí ni oògùn wèrè ń gbà wọlé. Onídìrí ni wọ́n fá lórí o. Mo fẹ́ yà kọjá.

"Ìwọ ọmọ yìí. Ta ló di irun yìí fún ẹ? Kò fún."

Ẹsẹ̀ mi dúró. Wọ́n fa orí mi sọ́dọ̀, wọ́n fi ìka kan iwájú rẹ̀. "Ó ti kún. Ṣé mo wí fún ẹ, wàá tó ṣùkú dì." Wọn kò béèrè orúkọ mi, orí mi ni wọ́n mọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé o ṣì ń sùn bí wọ́n bá ń dirun fún ẹ?"

Ìyàwó àbúrò wọn tó ń gún èlùbọ́ nítòsí sọ fún mi jẹ́ẹ́ pé, "Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé, ẹkún ọmọ wọn ni wọ́n ń sun."

Mo ní, "Kí ló dé tí wọn ò padà wá sí Ẹdẹ?"

"Ta ló máa gbé orí ọmọ ẹ̀ fún wọn níbẹ̀?"

Mo fẹ́ kúnlẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé, "Ìyá, èmi ni." Ẹnu tó dá orin, ẹnu náà ló kọ̀ tí kò ṣí. Màmá mi pè mí láti ìdí iṣu, mo sáré lọ bí olè. Kí iṣu tuntun tó jáde, a gbọ́ pé ìyá náà ti kú.

Ọmọ ọmọ mi kan wà lọ́dọ̀ mi báyìí, ìran bàbá rẹ̀ ló ti gbé ẹyinjú aláwọ̀ oyin wá. Ìyá rẹ̀ gbé fóònù wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó ní òun kà á pé àwọ̀ ojú máa ń sọ ìwà èèyàn, pé ó tilẹ̀ lè sọ bóyá ọpọlọ rẹ̀ máa dàrú. Ó ní ṣé kí àwọn máa ṣọ́ ọmọ náà ni? Mo jágbe mọ́ ọn débi pé ẹ̀rù bà á. Ohun táwọn ọ̀mọ̀wé mọ̀, n kò lè bá wọn jiyàn. Mo mọ ìyá kan tí ẹyinjú wọn kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, ojú tí àwa fi ń ṣọ́ wọn ló ṣe wọ́n lọ́ṣẹ́.

Èmi ni mò ń dirun fún ọmọ náà. Èmi lórí àpótí, òun lórí ẹní. Àná, bí mo ṣe ń la orí rẹ̀, ó yíjú wò mí pẹ̀lú ẹyinjú oyin rẹ̀.

"Màmá àgbà, ta lẹ̀ ń dá lóhùn?"

"Báwo?"

"Ẹ̀ ń sọ pé, 'Hùn, mò ń gbọ́.' Mi ò sì sọ nǹkan kan."

Mo yí orí rẹ̀ padà jẹ́jẹ́. Mo ní, "Tẹ orí ẹ síwájú. Wéré báyìí, ó ti parí."